Ilé Tuntun, Ilé Àlòkù, Fúláàtì, àbí Kí Ẹ Kọ́ Ọ Fúnra Yín? Ìfiwéra fún Ìdílé Tó Fẹ́ Ra Ilé Àkọ́kọ́

Ọ̀pọ̀ ìdílé tó ń wá ilé àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé náà. Wọ́n á rí ilé ìdáná tó fẹ̀, wọ́n á ti máa pín yàrá fún àwọn ọmọ, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá bí owó rẹ̀ ṣe máa pé. Tí wọ́n bá bi mí, mà á ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Kí tọkọtaya kọ́kọ́ jókòó, kí wọ́n sọ òótọ́ fún ara wọn: nínú owó, àsìkò àti ìmọ̀ nípa ilé, èwo ló ṣọ̀wọ́n jù lọ́wọ́ wa? Ọ̀nà mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà di onílé, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń béèrè lọ́wọ́ èèyàn yàtọ̀ síra. Ilé tuntun ń gba owó. Ilé àlòkù ń fẹ́ ojú tó mọ ilé wò. Fúláàtì ń fẹ́ ẹni tó lè bá àwọn ẹlòmíì pa ìnáwó pọ̀, tó sì lè gbà pé kì í ṣe òun nìkan ló ń pàṣẹ. Ilé tí ẹ fúnra yín kọ́ ń jẹ àsìkò, ó sì ń fẹ́ ẹni tó lè dúró ti iṣẹ́. Ẹni tó bá yan ọ̀nà tó ń béèrè ohun tí kò ní, ilé náà á di wàhálà sí i lọ́rùn.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Àpapọ̀ owó ló ṣáájú. Iye tí wọ́n dá lé ilé kọ́ ni iye tó máa ná yín. Owó lọ́yà wà níbẹ̀, owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, owó ẹni tó bá yín yẹ ilé wò, owó tí báńkì ń gbà kó tó yáni lówó, owó adójútòfò, owó ìkẹ́rù, àti àwọn nǹkan kéékèèké tí ojú kì í kà, bíi kọ́tìnì, gílóòbù, àti àgádágodo tuntun fún gbogbo ilẹ̀kùn ìta. Àgádágodo yẹn ṣe pàtàkì o, torí ẹ ò lè mọ iye èèyàn tí ẹni tó ta ilé fún yín ti fún ní kọ́kọ́rọ́ rí. Lẹ́yìn tí ẹ bá kó wọlé, àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ olùdámọ̀ràn ń lò ni pé kí onílé máa ya 1% iye ilé sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àtúnṣe. Fún ilé tó ti pẹ́, 1% kéré lójú tèmi. Ẹ fi í sí 2%, bí ọdún kan bá sì kọjá tí nǹkan kan ò bàjẹ́, ẹ má fọwọ́ kan owó náà. Òrùlé ń bọ̀ wá béèrè rẹ̀.

Ìwé ló tẹ̀ lé e. Ilé lè dára títí, bí ìwé ilẹ̀ rẹ̀ kò bá mọ́, ìjàngbọ̀n lẹ ń fi owó ara yín rà. Láti 1858 ni South Australia ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí Robert Torrens dá sílẹ̀, níbi tó ti jẹ́ pé orúkọ ẹni tó wà nínú ìwé ìjọba ni onílẹ̀, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló sì ti gba irú ètò bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà. Níbi tí kò bá ti sí irú rẹ̀, lọ́yà ní láti tọ ìtàn ilẹ̀ náà sẹ́yìn: ta ló tà á fún ta, ta ló fi jogún fún ta, ṣé gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Ibi yòówù kí ẹ wà, kí lọ́yà tó jẹ́ tiyín, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà, wádìí bóyá orúkọ ẹni tó ń tà ló wà lórí ìwé, bóyá gbèsè wà lórí ilé náà, bóyá ẹjọ́ wà ní kóòtù, bóyá ìjọba fẹ́ la ọ̀nà gba ibẹ̀, àti bóyá ìjọba fọwọ́ sí gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ síbẹ̀, títí kan yàrá tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn.

Ìlera ilé ni ẹ̀kẹta. Mà á tú u sí wẹ́wẹ́ níwájú. Ẹ̀kẹrin ni iye ọdún tí ẹ máa fi gbé ibẹ̀. Ẹ̀karùn-ún ni ìgbé ayé ìdílé yín gan-an, kì í ṣe irú èyí tí ẹ rò pé ẹ máa gbé lọ́jọ́ iwájú: ta ló ń mú ọmọ lọ sílé ìwé láàárọ̀, ṣé òbí tó ti dàgbà máa wá bá yín gbé, ṣé àtẹ̀gùn kò ní í di ìṣòro fún eékún rẹ̀, ṣé ọmọ mìíràn ṣì ń bọ̀. Ẹ rin ọ̀nà ibi iṣẹ́ láti ilé náà ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kì í ṣe ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday tí gbogbo títì dá. Ìgbẹ̀yìn ni bí ilé náà ṣe máa rọrùn láti tà. Ilé àkọ́kọ́ kì í sábà jẹ́ ilé ìkẹyìn, ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ yín lọ́la sì máa wo àwọn nǹkan tí ẹ̀yin náà ń wò lónìí.

Owó yíyá, ibi tí owó ilé ti ń di ìlọ́po méjì

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ibẹ̀ sì ni mo ti rí i pé àwọn èèyàn kì í fara balẹ̀ ṣe ìṣirò. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀yáwó 100,000 ṣe àpẹẹrẹ, owó orílẹ̀-èdè tó bá wù kó jẹ́. Bí èlé bá jẹ́ 6% lọ́dún, tí ẹ sì máa fi ọdún 30 san án, ẹ ó máa san nǹkan bíi 600 lóṣù. Nígbà tí ọdún 30 bá fi pé, owó tó ti jáde lọ́wọ́ yín á ti lé ní 215,000. Bí ẹ bá fi ọdún 15 san án, owó oṣù á di nǹkan bíi 844, ṣùgbọ́n àpapọ̀ rẹ̀ kò ní í pé 152,000. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ju 60,000 lọ, lórí ilé kan náà.

Ẹ tún wo bí owó náà ṣe ń lọ. Nínú 600 ti oṣù àkọ́kọ́, 500 ni èlé. Nǹkan bíi 100 péré ló dín gbèsè kù. Lẹ́yìn ọdún 5, tí ẹ ti san nǹkan bíi 36,000, gbèsè tó kù ṣì ju 93,000 lọ. Ó máa lé ní ọdún 18 kí ohun tó ń lọ sórí gbèsè nínú owó oṣù tó pọ̀ ju ohun tó ń lọ sórí èlé. Ìdí rèé tí mo fi ń sọ fún ẹni tó mọ̀ pé iṣẹ́ lè gbé òun lọ sí ìlú mìíràn láàárín ọdún méjì tàbí mẹ́ta pé kó máa gbé ilé tó yá náà lọ. Owó lọ́yà, owó ìforúkọsílẹ̀ àti owó aláàgbàtà nígbà rírà àti nígbà títà á ti jẹ ìwọ̀nba tó rí san lórí gbèsè. Ọdún 5 ni mo kà sí ìbẹ̀rẹ̀, ọdún 7 ló dára jù.

Ní ti èlé tí kì í yí padà àti èyí tó ń lọ sókè sódò, bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Èlé tó ń yí padà sábà máa ń kéré níbẹ̀rẹ̀, ohun tó ń fa èèyàn mọ́ra nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí 6% yẹn bá fi di 8% lórí ẹ̀yáwó ọdún 30 náà, 600 á di nǹkan bíi 734 lóṣù. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ máa fi iye tó ga yẹn pamọ́ fún oṣù mẹ́ta, kí ẹ wo bí ilé ṣe máa rí. Ní Amẹ́ríkà, láàárín 2006 sí 2008, ọ̀pọ̀ ìdílé tó gba ẹ̀yáwó tí èlé rẹ̀ kéré níbẹ̀rẹ̀ ni kò lè san án mọ́ nígbà tó gòkè. Iye ilé sì ti já wálẹ̀ nígbà náà, wọn ò lè tà á kó tó gbèsè tó wà lórí rẹ̀. Fún ìdílé tó ní ọmọ wẹ́wẹ́, tí owó oṣù kan ṣoṣo ń bọ́, èlé tí kì í yí ni mà á mú, kódà bó bá fi díẹ̀ wọ́n jù.

Àwọn báńkì Amẹ́ríkà ní ìlànà kan tó ti pẹ́: kí owó ilé má ju 28% owó tó ń wọlé lóṣù lọ kí wọ́n tó yọ owó orí, kí gbogbo gbèsè lápapọ̀ má sì ju 36% lọ. Ó wúlò fún ẹni tí kò mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí iye tí báńkì fẹ́ yá yín di iye tí ẹ máa ná. Ohun tí báńkì ń wò ni bóyá ẹ ó lè san owó rẹ̀ padà. Kò bá yín ka owó ilé ìwé, kò ka ìyá tó wà nílé, kò ka àìsàn. Ní ti owó àkọ́san, ìyẹn owó tí ẹ máa fi ọwọ́ ara yín san kí báńkì tó yá yín ní èyí tó kù, 20% iye ilé ni ọ̀pọ̀ ibi ń fi ṣe ààlà. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ẹni tí tiẹ̀ kò bá tó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń san owó adójútòfò kan tó ń dáàbò bo báńkì, tí kò dáàbò bo òun rárá. Síbẹ̀, ẹ má kó gbogbo owó ọwọ́ yín lé àkọ́san. Ìdílé tó san 15%, tí owó oúnjẹ oṣù mẹ́fà ṣì wà nípamọ́, sàn lójú mi ju èyí tó san 20% tí ọwọ́ rẹ̀ wá ṣófo.

Ilé tuntun

Ẹni tí owó kì í ṣe ìṣòro rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò ní àsìkò, tí kò sì mọ nǹkan kan nípa ilé, ni ilé tuntun dára fún. Wáyà tuntun, páìpù tuntun, òrùlé tí òjò ò tíì pa. Kò sí ẹni tó ti gbé ibẹ̀ tó bà á jẹ́ sílẹ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan ààbò tún wà lórí rẹ̀: ní ilẹ̀ Faransé, òfin mú kí ẹni tó kọ́ ilé dáhùn fún ọdún 10 bí ohun tó gbé ilé ró bá bàjẹ́, ní Britain náà, ìwé ìdánilójú ọdún 10 ló sábà máa ń bá ilé tuntun wá. Ẹ béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì ka ohun tí kò bò, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ yín ni pé ẹ ó san àfikún owó nítorí pé ilé náà jẹ́ tuntun. Ọjọ́ tí ẹ bá ti kó wọ ibẹ̀ ló ti di àlòkù. Àdúgbò rẹ̀ lè má tíì jẹ́ àdúgbò: títì ò tíì parí, gọ́tà ò tíì sí, ilé ìwé tí wọ́n yà sínú àwòrán lè pẹ́ kó tó dé. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilé tuntun kì í ṣe ilé tí kò ní àbùkù. Àbùkù rẹ̀ ni kò tíì jáde. Omi ṣì wà nínú kọnkéré àti nínú ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri, bó bá sì ṣe ń gbẹ, ilà tín-ín-rín á máa yọ. Ìyẹn kò burú. Èyí tó burú ni ilẹ̀kùn tí kò tì, omi tí kò rí ọ̀nà jáde, táìsì tó ń dún bí igbá òfìfo nígbà tí wọ́n bá kàn án. Kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ mú ẹni tó mọ iṣẹ́ náà lọ, kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ tó kọ́ ọ sì tún un ṣe nígbà tí owó yín ṣì wà lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba owó tán, ìpè yín kò ní í yára wọ̀ wọ́n létí mọ́.

Èyí tó yẹ ká ṣọ́ra fún jù ni ilé tí wọn ò tíì kọ́, tó jẹ́ àwòrán ni wọ́n fi ń tà á. Ó máa ń dínwó, wọ́n sì máa ń jẹ́ kéèyàn san án díẹ̀díẹ̀, mo mọ ìdí tó fi ń wu àwọn ìdílé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Evergrande ní Ṣáínà, ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ akọ́lé tó tóbi jù níbẹ̀ nígbà náà. Ní 2021 ni kò lè san gbèsè rẹ̀ mọ́, iṣẹ́ sì dúró lórí ọ̀pọ̀ ilé tí àwọn èèyàn ti sanwó rẹ̀. Ní 2022, àwọn tó ra irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ kéde ní ọ̀pọ̀ ìlú pé àwọn ò ní í san ẹ̀yáwó mọ́ lórí ilé tí kò parí. Bí ilé-iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ bá lè wó, ẹ má fi ìtóbi ẹnikẹ́ni ṣe ẹ̀rí. Ẹ sanwó bí iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀ síwájú, kì í ṣe bí oṣù ṣe ń parí. Ẹ jẹ́ kí owó wà lọ́dọ̀ lọ́yà tàbí nínú àkántì tí ilé-iṣẹ́ náà kò lè dá fọwọ́ kàn. Kí ẹ sì lọ sí ilé tí wọ́n ti kọ́ parí ní ọdún méjì sẹ́yìn, kí ẹ bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ léèrè. Ìdílé tó ń san owó ilé tó yá, tó tún ń san ẹ̀yáwó lórí ilé tí kò tíì sí, ń rù ẹrù méjì. Bí oṣù 12 tí wọ́n ṣèlérí bá di 24, ṣé ẹ ó lè rù ú?

Ilé àlòkù

Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn jù fún ọ̀pọ̀ ìdílé, òun náà ló sì ń fẹ́ kéèyàn la ojú rẹ̀ jù. Ilé tó ti gba òjò ọdún mẹ́wàá ti sọ irú ẹni tó jẹ́. Bí ìpìlẹ̀ rẹ̀ bá máa rì, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Bí omi bá máa wọlé, àmì rẹ̀ ti wà lára ògiri. Àdúgbò ti dúró, ẹ lè rí aládùúgbò, ẹ lè bi wọ́n bóyá àgbàrá máa ń ya wọlé. Ilẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń fẹ̀ ju ti ilé tuntun tí iye wọn jọ sún mọ́ra, iye rẹ̀ sì ṣeé ná dáadáa, torí èèyàn ló ń tà á, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó ti tẹ iye rẹ̀ sínú ìwé.

Ẹ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ lẹ́yìn òjò ńlá. Ẹ gbójú sókè wo àjà, bóyá ibì kan ti yí àwọ̀. Ẹ fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ògiri, bóyá ọ̀rinrin wà. Bí wọ́n bá kun ògiri kan ṣoṣo ní ọ̀dà tuntun nínú yàrá tí mẹ́ta yòókù ti ṣá, ẹ béèrè ohun tí ọ̀dà náà bò. Ilà tín-ín-rín bí irun kì í ṣe nǹkan. Ilà tó gbéra láti igun fèrèsé, tó dábùú ògiri, tí etí owó ẹyọ lè wọ̀, ẹ pe ẹnjiníà kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó. Ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ wo bí omi ṣe ń wá àti bó ṣe ń lọ. Ẹ kan igi òrùlé àti férémù ilẹ̀kùn. Ibi tí ikán bá ti jẹ, ohùn rẹ̀ á yàtọ̀.

Ọjọ́ orí ilé náà máa ń sọ nǹkan mìíràn. Ọ̀dà tó ní òjé nínú wọ́pọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́. 1978 ni Amẹ́ríkà fòfin dè é fún ilé gbígbé. Bó bá ń ṣí, tó ń di eruku, ó lè ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ọmọdé ló sì máa ń fi ọwọ́ tó kan ògiri sẹ́nu. Asbestos, ohun èlò ìkọ́lé kan tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, náà wà lára òrùlé àti àjà àwọn ilé àtijọ́. 1999 ni Britain fòfin dè é pátápátá. Nígbà tí wọ́n bá gé e tàbí tí wọ́n bá lu ihò sí i lára ni ewu rẹ̀ ń jáde jù, nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe àtúnṣe ilé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí bíríkìlà tó gbé òòlù. Wáyà tí wọ́n fà nígbà tí ilé kò ní ju gílóòbù àti rédíò lọ kò lè gbé fíríìjì, ẹ̀rọ ìfọṣọ àti ẹ̀rọ amúlétutù pọ̀.

Nǹkan mẹ́ta ló ń jẹ owó jù lára ilé àlòkù: ìpìlẹ̀, òrùlé, àti wáyà pẹ̀lú páìpù tó wà nínú ògiri. Bí àwọn mẹ́ta yìí bá dára, ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ táìsì tó burú tàbí ilé ìdáná tí ìgbà rẹ̀ ti kọjá lé yín sá. Àwọn tó kù ṣeé tún ṣe díẹ̀díẹ̀ bí owó bá ṣe ń wọlé. Èyí tí mo ń bẹ̀rù ni òdì kejì rẹ̀: ilé tí wọ́n kùn, tí wọ́n fi iná sí lára, tí wọ́n gbé síǹkì tuntun sí, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Owó àyẹ̀wò tí ẹ bá san fún ẹnjiníà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ilé, ohun tó bá sì kọ sílẹ̀ lẹ ó fi ná ilé náà wálẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ kí ẹnikẹ́ni wá yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ti rí ìdáhùn yín nìyẹn.

Ohun kan tún wà: bí ayálégbé bá ṣì wà nínú ilé náà, ẹ má san owó tó kù títí tó fi kó jáde, tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín. Ìlérí pé ó máa kó jáde lóṣù tó ń bọ̀ kì í ṣe ilé tó ṣófo.

Fúláàtì

Fúláàtì ló sábà máa ń dínwó jù nínú ibi tó sún mọ́ ibi iṣẹ́, ó sì lè jẹ́ òun nìkan ni ọ̀nà tí ìdílé kan fi lè sún mọ́ ilé ìwé tó wù wọ́n. Ẹ ò ní í dá tún òrùlé ṣe. Ààbò rẹ̀ sì máa ń dára, torí èèyàn pọ̀ níbẹ̀.

Ohun tí ẹ ń rà ni ìpín nínú ilé kan, ìlera gbogbo ilé náà sì wà lọ́rùn yín. Champlain Towers South ní Surfside, Florida, ilé alájà 12 tí wọ́n kọ́ ní 1981, ni ìdajì rẹ̀ wó lóru ọjọ́ 24 oṣù kẹfà, 2021. Èèyàn 98 ló kú. Láti 2018 ni ẹnjiníà kan ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kọnkéré ibẹ̀ ti bàjẹ́ ní àwọn ibì kan. Àwọn onífúláàtì bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ owó rẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, iṣẹ́ orí kọnkéré náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ilé fi wó. Irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ohun tó fa àtúnṣe rẹ̀ sẹ́yìn wọ́pọ̀ gan-an: àwọn tó ń gbé ilé kan náà, tí ẹnu wọn kò kò lórí owó àtúnṣe.

Nítorí náà, kí ẹ tó wo yàrá, ẹ béèrè ìwé. Mélòó ló wà nínú àpò àtúnṣe, ìyẹn owó tí gbogbo onífúláàtì jọ dá pamọ́ fún àtúnṣe ilé? Èèyàn mélòó ló jẹ gbèsè owó oṣù tí oníkálukú ń dá fún ìtọ́jú ilé? Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní àkọsílẹ̀ ìpàdé ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹ kà á. Ohun tí ejẹ́ńtì kò ní í sọ wà níbẹ̀. Ilé tí owó oṣù rẹ̀ kéré jù ládùúgbò kì í ṣe oríire bí kò bá ní owó nípamọ́, torí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n á ní kí oníkálukú mú owó ńlá wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ tún béèrè bóyá ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ jẹ́ tiyín, àbí wọ́n kàn yá a fún àkókò kan, kí ẹ sì mọ iye ọdún tó kù lórí àdéhùn náà. Ní ti ọmọdé: ẹ wo ibi tí wọ́n ti máa sáré, ẹ wo bí fèrèsé àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ṣe rí, ẹ sì lọ síbẹ̀ lálẹ́ kí ẹ gbọ́ ariwo òkè orí yín.

Kí ẹ ra ilẹ̀, kí ẹ kọ́ ọ

Lórí ìwé, òun ló dínwó jù. Ẹ ó kọ́ ohun tí ẹ fẹ́, ẹ ó máa kọ́ ọ bí owó bá ṣe ń wọlé, kò sí èlé báńkì bí ẹ kò bá yáwó. Fún ẹni tí owó rẹ̀ kì í wọlé lóṣooṣù, tí báńkì kò sì ní í yá lówó, ó lè má sí ọ̀nà mìíràn, mo sì bọ̀wọ̀ fún ìdílé tó gbà á.

Ṣùgbọ́n iye sìmẹ́ńtì àti irin kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ fi 15% sí 20% lé iye tí agbaṣẹ́ṣe bá mú wá, kí ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ bí àfikún yẹn kò bá sí. Ilé tó dúró láìní òrùlé, òjò ń nà án, irin rẹ̀ ń dípẹtà. Ohun tí ẹ ti kọ́ gan-an ń bàjẹ́ nígbà tí ẹ ń wá owó èyí tó kù. Ó sàn kí ẹ kọ́ yàrá méjì tó parí ju márùn-ún tó dúró lọ. Ẹ jẹ́ kí awọnlẹ̀ wọn ilẹ̀ náà kí ẹ tó sanwó, kí wọ́n yẹ erùpẹ̀ rẹ̀ wò kí ẹnjiníà tó ya ìpìlẹ̀. Irú amọ̀ kan wà tó máa ń wú bó bá mu omi, tó sì máa ń sún kì bó bá gbẹ. Ìpìlẹ̀ lásán kò lè dúró lórí rẹ̀. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń wọn agbára kọnkéré, nítorí náà, ẹ má gbà fún ẹni tó fẹ́ yọ igi tó gbé dẹ́kì ró lọ́jọ́ kẹwàá nítorí pé ó fẹ́ gbé e lọ síbòmíì.

Èyí tó ga jù ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí ẹ kò sì ní ẹnjiníà tí ẹ ń sanwó fún láti máa bójú tó o, ilé kíkọ́ kò bá ìgbé ayé yín mu lásìkò yìí.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Tọkọtaya tí owó oṣù méjì ń wọlé fún, tí ọmọ wọn ṣì kéré, tí wọn kò ní ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n lè fi bá bíríkìlà fa ọ̀rọ̀: ilé tuntun tó ti parí, tí ẹ fojú rí. Bó bá jẹ́ àwòrán ṣì ni, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ní ilé kan tẹ́lẹ̀.

Ìdílé tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, tó lè fi oṣù bíi mélòó kan wá ilé, tó sì lè san ẹnjiníà: ilé àlòkù, kí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín ọdún 10 sí 30 bó bá ṣeé ṣe. Ó ti fi àbùkù rẹ̀ hàn, kò sì tíì gbó. Bí òbí àgbà bá máa bá yín gbé, ẹ wá èyí tí yàrá kan pẹ̀lú balùwẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Òbí tó ń dá tọ́mọ, tàbí tọkọtaya tí ọ̀nà ibi iṣẹ́ ń jẹ wákàtí mẹ́rin lójúmọ́: fúláàtì nínú ilé tí àpò àtúnṣe rẹ̀ kún, tí ìwé ìpàdé rẹ̀ mọ́. Wákàtí tí ẹ bá gbà padà lójú ọ̀nà, àwọn ọmọ ló máa jẹ èrè rẹ̀.

Ẹni tí ilẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé tó mọ́, tó mọ iṣẹ́ ilé tàbí tó ní ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú ìdílé, tí ibi tó ń gbé báyìí kò sì ni ín lára: kó kọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe sọ.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì fìdí múlẹ̀, tàbí tí gbogbo owó rẹ̀ máa tán lọ́jọ́ tó bá sanwó ilé, kó ṣì yá ilé gbé. Kí ó máa fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó ilé tó ń san àti owó oṣù ẹ̀yáwó pamọ́ fún ọdún kan. Bí ọdún náà bá pé tí owó yẹn wà níbẹ̀, ó ti mọ̀ pé òun lè san án, ó sì ti ní àfikún fún àkọ́san.

Bí ilé méjì bá sì wá dọ́gba lójú yín, tí ìwé wọn mọ́, tí ẹnjiníà sì sọ̀rọ̀ méjèèjì ní dáadáa, ẹ mú èyí tó kéré lówó. Ẹ fi ìyàtọ̀ rẹ̀ sínú àkántì àtúnṣe ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, kí ẹ tó ra àga tuntun kankan.